Ọ̀tún, Òsì àti Ìdè Ẹsẹ̀ Ọkọ̀: Èdè-Ìperí fún Ọkọ̀ Ìsáré Àfọwọ́tò

Ẹni tí ó bá ti Èkó gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, èyí tí ìjọba ṣí ní 1978, yóò kan Mágbòrò kí ó tó dé Ìbàfo àti Mówé. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì àti àwọn fọganáísà tí ó wà létí ọ̀nà náà, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n: rímù, táyà, họ́ọ̀bù, bóòtì, nọ́ọ̀tì. Bí ọ̀gá bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó tú táyà, odidi ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ní lọ́kàn, kì í ṣe rọ́bà nìkan, ọmọ náà kò sì ní ṣì í gbọ́. Èdè wọn tó fún iṣẹ́ wọn, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni a fi de ẹsẹ̀ mọ́ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn: bóòtì tàbí nọ́ọ̀tì mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó yí àárín ká.

Ìgbà tí a bá gbé ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ mìíràn síwájú ògbufọ̀ ni àlàfo yóò hàn. Irú rẹ̀ ni ọkọ̀ ìsáré àfọwọ́tò, tí oníbàárà ń ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ sílé láti lọ tò ó fúnra rẹ̀. Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957 gbajúmọ̀ nínú wọn; owó-orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí odidi ọkọ̀ nígbà náà kò kan èyí tí a tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ní California, láti 1964, Bruce Meyers fi ẹ̀yà Volkswagen Ìjàpá ṣe ọkọ̀ orí iyanrìn. Ìtòpọ̀ kò sì ṣàjèjì ní ilẹ̀ yìí, nítorí pé ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó láti ara ẹ̀yà tí ó ti òkè òkun wá.

Ẹni tí ó ń to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti yan ọ̀nà tí yóò fi de ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè lo bóòtì púpọ̀, bí ti Ìjàpá. Ó sì lè lo nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ní àárín, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Rudge-Whitworth sọ di mímọ̀ ní nǹkan bí 1908: a ó ki ẹsẹ̀ bọ họ́ọ̀bù oléyín, a ó yí nọ́ọ̀tì náà lé e, a ó sì fi òòlù bàbà tàbí ti òjé gbá etí rẹ̀ títí yóò fi le. Àkọ́kọ́ rọrùn, kò sì gbówó lórí. Èkejì yá láti tú níbi eré ìje, ó sì dára lójú.

Fún àkọ́kọ́, *ìdè ọlọ́pọ̀-bóòtì* yóò ṣe é. Fún èkejì, *ìdè àárín* tọ́. Ó yẹ kí ògbufọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ náà “ọkọ̀” tì í lẹ́yìn bí ó bá ń pè é ní ìdè ẹsẹ̀, nítorí pé ìdè ẹsẹ̀ lásán, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni etí Yorùbá yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kò sí ìdí láti lé bóòtì àti nọ́ọ̀tì jáde. Wọ́n ti di ọmọ ilé.

Ibi tí ewu wà ni ọ̀tún àti òsì. Ìlà tí ó lọ́ mọ́ bóòtì lára, tí a lè pè ní *ìlà-ìlọ́*, oríṣi méjì ni: Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀kan ní ti ọwọ́ ọ̀tún, ó pe èkejì ní ti ọwọ́ òsì. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí síwájú, imú àárín rẹ̀ tí inú nọ́ọ̀tì fi ìwọ̀nba díẹ̀ fẹ̀ jù lọ ń ti nọ́ọ̀tì náà sẹ́yìn. Nítorí náà, nínú ìdè Rudge-Whitworth, ìlà-ìlọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀, ti ọwọ́ òsì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí títì náà lè máa dè é, kí ó má baà máa tú u. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ “ìlà-ìlọ́ ọ̀tún” sílẹ̀ láìṣàlàyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó gbé e sí apá ọ̀tún. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ lè yọ lórí eré.

Ìwé àwọn ará Britain tún fi kún ìdààmú yìí. Wọn kì í sábà sọ ọ̀tún tàbí òsì ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ó sún mọ́ etí ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí i ni wọ́n ń wí. Lọ́dọ̀ wọn, òsì ni etí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Nàìjíríà pẹ̀lú títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìtumọ̀ tí ó bá pé ọ̀rọ̀ ní “ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀nà” yóò tọ́ gẹ́gẹ́ bí gírámà, ṣùgbọ́n ní Mágbòrò, apá ọ̀tún ni òǹkàwé yóò kọjú sí, ìyẹn apá tí kò yẹ gan-an.

Ohun tí ó sàn ni kí a fi aago ṣe ìwọ̀n: *ìlọ́ atẹ̀láago* fún èyí tí a ń yí bí ọwọ́ aago ti ń lọ kí ó tó dè, *ìlọ́ alòdì-sáago* fún èkejì. A ó wá fi ọ̀tún àti òsì sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìkan, láti ojú ẹni tí ó jókòó tí ó kọjú síwájú. Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ó ku ohun kan tí ògbufọ̀ kò lè yí padà. Lára ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì elétí wọ̀nyí ni wọ́n ti rọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí “tú” pẹ̀lú ọfà, tí wọ́n sì kọ ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ọ̀tì náà wà sí i. Kí ìwé ìtọ́ni Yorùbá ya àwòrán nọ́ọ̀tì méjèèjì, kí ó sì kọ TÚ sí ẹ̀gbẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan.