Ìkùukùu Mágínẹ́ẹ̀tì láti ara Oòrùn
Oòrùn a máa tu ìkùukùu gáàsì gbígbóná, tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì lọ́ pọ̀ bí okùn, sínú òfurufú. Bí ó ti ń jìnnà ni ó ń fẹ̀, nítorí agbára inú rẹ̀ ju èyí tí ń fún un láti òde lọ. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan kí ó tó ré Ayé kọjá tán. Bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá kọjú sí gúúsù, tí ó lòdì sí ti Ayé, ìjì dé. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ ni ó pa iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ní Quebec, Kánádà, fún wákàtí 9 ní oṣù Kẹta, ọdún 1989. A ń rí ìkùukùu náà bí ó ti ń kúrò lára Oòrùn, ṣùgbọ́n ibi tí ó kọjú sí kì í dájú títí yóò fi kan àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ń ṣọ́nà. Àkókò tí ó kù nígbà náà kì í sábà ju wákàtí kan lọ.