Omi Gbígbóná Ìlú Bath

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù lọ fi ọjọ́ kan wo ìlú Bath, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú irin yóò gbé wọn débẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ìrìn náà kò nira. Ohun tó nira ni kí ogójì ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n má tú ká bí ẹyẹ ẹ̀gà sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sán rẹ̀ ra bàtà ní Bath, bàtà ló lọ wò. Bàtà sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Omi ni kí ẹ tọ̀ lọ, nítorí omi ló bí ìlú náà. Ìsun kan wà láàárín ìlú tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó ń tú jáde lójúmọ́ lé ní mílíọ̀nù kan lítà, ìbáà ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe ìgbà òtútù. Àwa tí a mọ Ìkògòsì kò ní sọ pé iṣẹ́ iwin ni. Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè Mendip ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ló rọra rin wọ inú òkúta ẹfun, títí ó fi jìn ju kìlómítà méjì lọ. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń jìn ni ooru rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí omi gbóná tán, tí òmíràn ń tì í lẹ́yìn, ó rí ibi tí àpáta ti là, ó gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá kó ọmọ ilé-ìwé lọ, ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ níbi yìí.

Àwọn ará Róòmù dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní. Wọ́n bá òrìṣà omi kan níbẹ̀, Sulis. Wọn kò lé e. Wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Minerva tiwọn, wọ́n kọ́ ilé fún un, wọ́n sì fi òjé tẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ìwẹ̀ ńlá kan. Òjé náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tún ti rí wàláà òjé kéékèèké bíi 130 tí àwọn ènìyàn kọ èpè sí: ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ ń bẹ òrìṣà kó fi àìsàn mú olè náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí a ṣe ń fi Ayélála dẹ́rù ba olè kò nílò ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fọwọ́ kan omi adágún yẹn. Ní 1978, ọmọbìnrin kan tó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi gbígbóná ìlú náà kú: kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí gba imú rẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Wọ́n ti ibi ìwẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó ṣí ilé ìwẹ̀ tuntun tí wọ́n ń fọ omi rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ yóò lọ.

Royal Crescent, ọgbọ̀n ilé tó tò bí òṣùpá ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ́ láti 1767 sí 1775, ẹ lè wò ó bí ẹ ti ń kọjá. Ilé tí n kò ní jẹ́ kí ẹ fò ni Fairfield House. Níbẹ̀ ni Haile Selassie, ọba Etiópíà, gbé láti 1936 sí 1940, nígbà tí àwọn ará Ítálì gba ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi ilé náà ta ìlú Bath lọ́rẹ ní 1958 fún ìlò àwọn arúgbó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i fún àlejò, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.