Rọ́ọ̀gì Yóò Mọ́, Ògiri Ńkọ́?

Bí ààwẹ̀ Ràmàdánì bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ a máa pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ rọ́ọ̀gì ní Ìbàdàn. Àwọn mọ́sálásí fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí oṣù tó lé. Iléyá àti Kérésì ń bọ̀ lẹ́yìn, ti ìgbéyàwó kò sì lásìkò. Ohun tí onílé máa ń bi wọ́n kò ju méjì lọ: èló ni, ṣé àbàwọ́n yìí á kúrò? Ìbéèrè kẹta ló yẹ kó ṣíwájú, pàápàá láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà: kí ni omi yín máa ṣe sí ohun tó yí rọ́ọ̀gì ká?

Ẹ̀rọ tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lò jù a máa fi agbára tu omi gbígbóná tó ní oògùn ìfọṣọ sínú rọ́ọ̀gì, kó tó wá fa omi ìdọ̀tí náà padà sínú àgbá rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa gbogbo rẹ̀ tán. Èyí tó ṣẹ́ kù á rọ̀ sábẹ́ rọ́ọ̀gì, ibẹ̀ ni yóò ti wá ọ̀nà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù ní Bódìjà, símẹ́ǹtì líle tàbí táìlì ló máa bá níbẹ̀, yóò sì gbẹ bó bá yá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó, amọ̀ ló máa bá.

Ẹni tó bá dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, tó bojú wolẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ògiri tó ru páànù wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú wọn. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, kíkó páànù àti símẹ́ǹtì wá láti Èkó sì wá rọrùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, onílé amọ̀ tó bá rówó lọ́wọ́ ti ń fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri rẹ̀. Ẹ wo ilé náà láti òde, ẹ ó ní búlọ́ọ̀kù ni. Amọ̀ ṣì ni ní inú.

Amọ̀ kún fún ihò tín-ín-tín-ín tí ojú kò lè rí, omi a sì máa gun òkè nínú wọn bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ a máa gba omi, a sì máa jẹ́ kí omi náà tú jáde sáfẹ́fẹ́. Símẹ́ǹtì kì í fún un láyè tó bẹ́ẹ̀. Omi tó bá gba ìdí ògiri wọlé á há sáàárín, amọ̀ tó wà lẹ́yìn símẹ́ǹtì á rọ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ á bá omi náà gòkè. Ibi tí omi bá ti gbẹ ni iyọ̀ á ti dì, yóò sì máa ti símẹ́ǹtì síta díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ ògiri nìyẹn, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi èékánná họ. Onílé á ní ọ̀dà tí òun rà ni kò dáa, á tún ògiri kùn. Bó bá ṣe díẹ̀, á tún ṣí.

N kò sọ pé ìfọ rọ́ọ̀gì nìkan ló ń fa èyí o. Omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àti ti balùwẹ̀ tí kò rọ́nà lọ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí omíyalé odò Ògùnpa ṣojú wọn ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí omi lè fi ilé amọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ògiri tó ti ń mu omi láti ìta, tí a tún wá ń da omi gbígbóná sí nídìí láti inú pálọ̀, kò ní ibi tó máa sá sí.

Ẹ wo Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí ńlá tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n parí ní 1907, amọ̀ tuntun náà sì ni àwọn ará ìlú ń jáde wá fi rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yẹn, òjò ńlá kan wó apá kan lára ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro rẹ̀ ní 2009. Iyanrìn ni ilẹ̀ inú rẹ̀, ẹní ni wọ́n ń tẹ́ lé e, ohun tí èèyàn lè ká jáde kó sì sá sóòrùn.

Kí wá ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gidi máa ń ṣe? Ó kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ fa erùpẹ̀ gbígbẹ kúrò, nítorí erùpẹ̀ pupa wa yìí, bí omi bá ti kàn án, ó di ẹrẹ̀ tó ń ta sára ògiri, tí kì í sì í fẹ́ kúrò lára ọ̀dà funfun. Ó ń fi sẹ́lótéèpù oníbébà lẹ ọ̀rá mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri yíká, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sókè. Kì í gbé ẹ̀rọ dé ìdí ògiri: bó bá ku bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó dúró, ó wá fi àkísà tó rin díẹ̀ nu ìyókù. Bó bá tu omi lẹ́ẹ̀kan, ó ń fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń pa iná àwọn ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀. Bó bá parí, ó ń ṣí fèrèsé, ó sì ń tan fáànù, torí pé àjọ EPA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ohun tó bá rin gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48 kó má baà bu. Nígbà ọyẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Nínú oṣù keje, tí iná kò tún sí, ó le.

Ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀ tún burú sí i. Pákó tó bá mu omi á wú, á tẹ̀, omi tó bá sì gba àárín wọn kọjá, orí ayálégbé ìsàlẹ̀ ló ń kán sí. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ olómi dé irú ibẹ̀. Ọṣẹ onífòófó tó nílò omi díẹ̀ wà.

Ilẹ̀ tẹrásò náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Símẹ́ǹtì àti wóró òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é, òkúta náà sì sábà máa ń jẹ́ màbù, ásíìdì a sì máa jẹ àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí àbàwọ́n orí rọ́ọ̀gì. Bó bá ta sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ibẹ̀ á kú, kò sì sí fífọ̀ tó máa dá dídán rẹ̀ padà. Àfi kí wọ́n tún fi ẹ̀rọ họ ọ́. Àwọn bílíìṣì bíi Jik àti Hypo náà ń pa àwọ̀ kọ́tìnì àti tìmùtìmù, wọ́n sì ń ba rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì pò wọ́n mọ́ ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì láé: gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ ni kílórínì, èyí tí ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn nílùú Ypres ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ní ti àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kó wọn jáde. Èyí tí kò bá ṣeé gbé, irú bíi mímbárì onígi nínú mọ́sálásí, ẹ fi ọ̀rá dì í nídìí, ẹ má sì tú u títí ilẹ̀ á fi gbẹ, torí fáníṣì ń ṣàn, ẹsẹ̀ onírin sì ń dípẹtà sára rọ́ọ̀gì tútù.

Ní tèmi o, rọ́ọ̀gì tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ògiri dé ògiri kò yẹ ilé amọ̀. Ẹ ra èyí tó ṣeé ká, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lágbàlá, kí ẹ sá a sórí okùn. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ilé náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá yín fọ̀ ọ́, ẹ ní kó ṣí àpò rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù níbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.