Owó iná tí omi gbígbóná ń jẹ nílé àlejò lè dínkù

Bí oníbàárà bá gba yàrá nílé àlejò kan l'Ajah tàbí ní Lekki, omi gbígbóná wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àjọ NERC ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé N225 fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin, ọdún 2024, omi gbígbóná ti di ẹrù fún ọ̀pọ̀ onílé àlejò. Lóòótọ́, wọ́n dín in kù sí N206.80 lóṣù karùn-ún ọdún náà, síbẹ̀ ó ṣì tó bí ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀.

Irin tó wà nínú wọ́tà hítà ló ń gbóná, òun ló sì ń mú omi gbóná. Bí yúníìtì iná kan bá wọlé, ooru yúníìtì kan ló máa jáde, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní heat pump. Òun kì í dá ooru sílẹ̀ bíi ti hítà, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń kó o, tó sì ń gbé e fún omi. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ amúlétutù rí, tí atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ lù ú lójú, ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tutù, wọ́n ń fi í mú ilé gbóná. Iṣẹ́ ẹ̀ tún rọrùn l'Ékòó, torí afẹ́fẹ́ wa ti gbóná tẹ́lẹ̀. Níbí, yúníìtì iná kan lè gbé ooru bíi yúníìtì mẹ́ta wọnú omi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ilé àlejò tó ń gbé 200 lítà omi láti ìwọ̀n ooru 27 dé 55 lójúmọ́ máa lo bíi yúníìtì 6.5 lórí hítà. Ká ní N200 ni yúníìtì kan, N1,300 nìyẹn lójúmọ́, N39,000 lóṣù. Pẹ̀lú heat pump, bíi yúníìtì 2.2 ni, ìyẹn N440 lójúmọ́, N13,200 lóṣù. N25,800 ló ṣẹ́kù sápò. Tí wọ́n bá dá owó ẹ̀rọ náà àti owó iṣẹ́ lé yín, ẹ fi N25,800 pín in. Iye oṣù tí owó yín máa fi padà wọlé nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó rà á. Onísọ́ọ̀bù irun tó ń lo garawa omi gbígbóná méjì péré lójúmọ́ lè má rí owó ẹ̀ gbà padà bọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà kì í tètè mú omi gbóná, nítorí náà ó nílò táńkì tó tóbi. Ìta tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa ni wọ́n ń gbé e sí, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń dípẹtà sí irin lágbègbè Lekki. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n kun ara ẹ̀ nítorí iyọ̀, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́.

Kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ka iye lítà omi gbígbóná tẹ́ ẹ̀ ń lò. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ hítà yín.