Ọmọ Wa Tí Ó Fẹ́ Di Ẹnjiníà

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni a ti ń gbọ́ pé, "Ọmọ wa ti di ẹnjiníà," ní ọjọ́ náà gan-an tí ọmọ gba oyè ní Yunifásítì. Ayọ̀ náà tọ́, a sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n lójú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, ó kù díẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ìjọba fi òfin dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní COREN sílẹ̀, èyí tí ń kọ orúkọ àwọn ẹnjiníà sínú ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, ó ti rú òfin.

Ọmọ tí ó fẹ́ máa kọ́ afárá, ọ̀nà àti ilé gíga níláti kọ́kọ́ yege dáradára nínú ìwé márùn-ún ní sẹ́kọ́ńdírì, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì kò sì gbọdọ̀ ṣàì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò JAMB, ọdún márùn-ún ni yóò lò ní Yunifásítì. Ohun kan wà tí àwa òbí kì í sábà béèrè: ǹjẹ́ COREN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà ní Yunifásítì yẹn? Kí a tó san owó ni kí a béèrè.

Nígbà tí ó bá gboyè tán, tí ó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀, ó níláti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ó kéré tán, lábẹ́ àwọn tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé. Ọdún mẹ́rin yìí ni àwọn ènìyàn ń kùn sí. Lójú tiwa, òun gan-an ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ìwé lè kọ́ ọmọ bí a ti ń ṣírò ẹrù tí òpó kan lè rù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ láti dá kankéré padà nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá bu omi jù sí i kí ó lè rọrùn láti dà? Ta ni yóò kọ́ ọ láti ka irin inú òpó kí a tó da kankéré bò ó, níwọ̀n bí ojú kò ti ní rí i mọ́? Yóò bu díẹ̀ nínú kankéré náà sínú àpótí kékeré, yóò sì fọ́ ọ wò lẹ́yìn ọjọ́ 28 láti mọ agbára rẹ̀. Èyí tí ó le jù ni láti wí fún olówó tí ó fẹ́ fi àjà méjì lé ilé rẹ̀ pé, "Alàgbà, ìpìlẹ̀ yín kò lè rù ú."

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópó Gerrard, ní Ìkòyí, wó lulẹ̀, ó sì pa ju ènìyàn 40 lọ. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ náà kò ní sọ pé ọdún mẹ́rin ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí, ọmọ yóò kọ ìròyìn iṣẹ́ tí ó ti ṣe, yóò sì dúró níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ láti dáhùn ìbéèrè. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, a máa ṣe irú ìdánwò yìí fún àwọn tí ó fẹ́ wọlé.

Àwọn tí ó gba HND ní Pólì kò ṣòfò: COREN ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnjiníà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra àtikọ́lé, ẹ béèrè nọ́mbà COREN lọ́wọ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí àwòrán ilé yín, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.