Bàbá Sàlá: Ó pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn tó jí fíìmù rẹ̀ kó o sí gbèsè

Ẹ̀yin ará wa ní Towé, Pobè àti Sakété, àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú yín kò ní gbàgbé ọkùnrin tó ń gbé aago gbàǹgbà kọ́ ọrùn, tó fi awò ojú ràgàjì sójú, tó so táì labalábá mọ́rùn, tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé kókósẹ̀. Kó tó lanu, èrò á ti bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Sàlá nìyẹn. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1936 ni wọ́n bí i.

Orin ló kọ́kọ́ ń ṣe. Nínú ẹgbẹ́ onílù rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ta gìtá fún un, òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé. Nígbà tó yá, Bàbá Sàlá bọ́ sídìí eré, ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀. Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ ti gba ìgboro nígbà náà pẹ̀lú ìtàn ọba àti eré ẹlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rín ni tirẹ̀. Àwọn kan fojú kéré rẹ̀, àwa kò sí lára wọn. Ahun, olójúkòkòrò, àgbàlagbà tó ń sáré tẹ̀lé obìnrin: ta ni kò ní irú rẹ̀ ládùúgbò? Tẹlifíṣàn Ìbàdàn ló gbé e wọlé onílé.

Lọ́dún 1982, ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Nínú fíìmù náà, àwọn tó ní àwọ́n lè sọ owó di púpọ̀ lu ọkùnrin kan ní jìbìtì, títí ayé fi sú u. Àfi bí ẹni pé ó ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa ara rẹ̀. Owó tó yá ló fi ṣe fíìmù ọ̀hún. Láyé ìgbà yẹn, ilé sinimá lèrò ń lọ, owó ìwọlé ni oníṣẹ́ á fi san gbèsè. Kó tó kó owó rẹ̀, àwọn kan ti dà á kọ sínú fọ́nrán fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Ẹni tó bá sì ti wò ó nílé, kí ló tún fẹ́ wá sanwó ìwọlé sí? Owó wọlé fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́, gbèsè kù sọ́rùn ẹni tó ṣe é.

Lónìí, kò sí fọ́nrán mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé káàdì fóònù fún ẹni tó jókòó lọ́jà pé kó bá wa kó fíìmù sí i. A ó sanwó, inú wa á dùn. Nínú owó náà, fàráńkì kan kì í dọ́wọ́ òṣèré.

Bàbá Sàlá kò torí ìyẹn fiṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ Àgbáyé jáde lọ́dún 1983, Mo Ṣe Bọ́lá Tán sì tẹ̀ lé e. Ìjọba Nàìjíríà fi oyè MON dá a lọ́lá. Nígbà ogbó rẹ̀, iṣẹ́ Olúwa ló gbájú mọ́ nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló kú, ẹni ọdún 82. Ọmọ rẹ̀ Emmanuel, tí wọ́n ń pè ní Bọ́ísàlá, ti wà nídìí eré tipẹ́ kó tó di ìgbà yẹn.