Eré Àfarawé Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Ìkọ́ni Nípa Bí Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Ràn

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ní èdè Yorùbá bí àrùn ṣe ń ràn, ìdáhùn tí a máa ń rí kà ni pé ènìyàn ń kó o lára aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò ni yóò fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò pé. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí eré àfarawé, ìyẹn eré tí a fi ń ṣe bí ohun gidi ṣe ń ṣẹlẹ̀, ṣe lè fi àléébù rẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́.

Eré náà kò béèrè owó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 32, olùkọ́ yóò ká ìwé pélébé 32, yóò fa ilà sí ẹyọ kan, yóò sì pín wọn. Ẹni tí ìwé onílà bọ́ sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ bá pàtẹ́wọ́, olúkúlùkù yóò wá ẹnìkan, wọn yóò bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn yóò sì kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé onílà yóò rọra fi ìka họ àtẹ́lẹwọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí a họ lọ́wọ́ yóò máa họ ẹlòmíràn. Bí a bá pàtẹ́wọ́ ní ìgbà márùn-ún, ẹnìkan lè di 2, 4, 8, 16, títí dé 32. A ní ‘lè di’ nítorí pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá yá, àwọn tí a ti họ yóò máa pàdé ara wọn, ìtànkálẹ̀ náà yóò sì falẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe sáré sọ èyí. Kí ó kọ iye náà sí ojú pátákó, kí àwọn ọmọ fúnra wọn béèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ìdajì kíláàsì jókòó láì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí a sì tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè ni ariwo tí ó máa ń tẹ̀lé e. Ọmọ kan yóò ní, ‘Mo kó o.’ Òmíràn yóò ní, ‘Ó ràn mí.’ Ẹ̀kẹta yóò nàka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: ‘Òun ni ó kó o ràn mí!’ Nínú gbólóhùn kìíní, ẹni tí ó gba àrùn ni olùwà. Nínú èkejì, àrùn fúnra rẹ̀ ni. Nínú ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn ni, ẹ̀bi sì ti wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí a sọ fún kíláàsì pé ibí yìí ni eré ti yàtọ̀ sí òtítọ́. Ẹni tí ó ń họni lọ́wọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀ lè má mọ̀ rárá.

Òfin eré náà ṣeé yí padà. Fún Èbólà, kí ẹni tí a họ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé orí, èyí tí ó dúró fún àìsàn, kí ó tó lè họ ẹlòmíràn, nítorí pé Èbólà kì í ràn kí àmì rẹ̀ tó hàn. A óò rí i pé àkọsílẹ̀ orúkọ yóò tètè mú wa dé ìdí ọ̀ràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Lẹ́yìn tí aláìsàn kan ti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí Èkó ní 20 Oṣù Keje, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó ti súnmọ́ aláìsàn rí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, a sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni ó ní in, 8 kú. Ní 20 Oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kòrónà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè kó o ran ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ọwọ́ lórí.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti kọ́gbọ́n nínú eré. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, àwọn tí ó ṣe eré orí kọ̀ǹpútà World of Warcraft fi àrùn kan sí ọwọ́ ọ̀tá ńlá tí ń jẹ́ Hakkar. Ó yẹ kí ó mọ sí sàkáání rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn àwọn òṣèré gbé e wọ ìlú. Àwọn ẹ̀dá tí kọ̀ǹpútà ń darí gbà á sára láì kú, wọ́n sì ń tàn án ká. Àwọn kan sá, àwọn kan wá ṣe ìwòsàn, àwọn kan wá wòran, àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ tàn án kálẹ̀. Eric Lofgren àti Nina Fefferman kọ nípa rẹ̀ nínú The Lancet Infectious Diseases ní ọdún 2007, nítorí pé ìṣirò lásán kì í fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ hàn.

Ní ti ìdánwò, a dábàá pé kí ẹni tí ó bá fi ìyàtọ̀ hàn láàrin aláìsàn àti ẹni tí fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀ gba máàkì ju ẹni tí ó kàn dárúkọ aláìsàn lọ. Ẹni tí ó bá kọ ‘kòkòrò àrùn’ kò yẹ kí ó pàdánù nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kó bakitéríà mọ́ ọn.